Onílé Ni Ó Ni Ilé, Ayálégbé Ni Ó Ni Ọjọ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá àwọn bàbá àti ìyá sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti oúnjẹ sísè tàbí ti ìwẹ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n ó kan òrùlé tí a ń se oúnjẹ náà lábẹ́ rẹ̀, àti ẹní tí ọmọ náà ń sùn lé. Ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé ni. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń ṣe onílé ní ìlú wọn, tí àwọn ọmọ wọn sì jẹ́ ayálégbé ní ìlú ẹlòmíràn. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Ẹni tí ó bá mọ ìlú Kìṣí, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀ ní òkè pátápátá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, yóò mọ̀ pé ìlú àgbẹ̀ ni, ìlú ààlà sì ni pẹ̀lú. Bí a bá ti kọjá Ìgbẹ́tì tàbí Ìgbòho tí a sì dé Kìṣí, ilẹ̀ Ìbàrìbá kò jìnnà mọ́. Láyé àtijọ́, àwọn ènìyàn kì í wá yàrá yá ní irú ìlú bẹ́ẹ̀. Inú agbo ilé ni a bí olúkúlùkù sí. Àlejò tí ó bá sì dé a sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ baálé kan, baálé a fún un ní yàrá, ẹnikẹ́ni kò sì ní dárúkọ owó. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Olùkọ́ tí ìjọba gbé wá láti Ìbàdàn, nọ́ọ̀sì tí a yàn sí ilé-ìwòsàn, ọmọ àgùnbánirọ̀, oníṣòwò iṣu àti ẹ̀gúsí tí ó ń wá ibi tí yóò kó àpò rẹ̀ sí, gbogbo wọn ni ó ń béèrè yàrá. Bàbá tí ó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́jọ, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti lọ sí Èkó, kò rí ìdí tí yàrá mẹ́ta yóò fi wà ní òfìfo fún aláǹgbá. Báyìí ni onílé àti ayálégbé ṣe di ohun tí a ń gbọ́ ní Òkè-Ògùn.

Àdéhùn wọn ńkọ́? Ẹnu ni a fi ń ṣe é. A ó na yàrá hàn, a ó dárúkọ owó, a ó dúnàá-dúrà díẹ̀, owó a bọ́ sí ọwọ́, àdúrà a tẹ̀lé e. Èmi kò sọ pé àdúrà kò dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ohun tí ó lè ti inú rẹ̀ jáde.

Ẹ wo ìyá kan, opó ni, aránṣọ ni, ó sì ní ọmọ mẹ́ta. Ọdún 9 ni ó ti ń gbé yàrá méjì lọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan. Lọ́dọọdún, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bá ti ta iṣu tí wọ́n sì ti gbé aṣọ ọdún wá rán, ni ó ń san owó ilé. Kò gba ìwé kankan rí. Bàbá a súre fún un, ó parí. Nígbà tí ó di ọdún kan, bàbá gba owó, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ bàbá sùn. Òkú kò tíì pé ogójì ọjọ́ tí àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ti Èkó fi kan ilẹ̀kùn aránṣọ.

“Ìyá, ẹ má bínú. Mo fẹ́ tún ilé bàbá mi ṣe. Mo fún yín di ọjọ́ Sátidé.”

“Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ bàbá mi, oṣù mẹ́sàn-án ni ó kù nínú owó tí mo san fún bàbá.”

“Rìsíìtì rẹ̀ dà?”

Kò sí rìsíìtì. Nígbà tí Sátidé pé, ẹnikẹ́ni kò na ìyá náà, ẹnikẹ́ni kò sì bú u. Káfíńtà méjì ni a rán gun orí ilé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí páànù.

Àpèjúwe lásán ni èyí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo ti ń kọ ọ́, òǹkàwé kan yóò ti dárúkọ ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí a wá bi òfin léèrè: ǹjẹ́ ọmọ onílé yìí ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ohun tí ó ṣe?

Kò ní in. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ ni pé ilé jẹ́ ti onílé ní tòótọ́, ṣùgbọ́n àkókò tí ayálégbé ti san owó rẹ̀ kì í ṣe ti onílé mọ́. Ó ti tà á. Bí ẹni tí ó ta iṣu kan kò ṣe lè wọ ilé ẹni tí ó rà á lọ kí ó sì gbé iṣu náà kúrò lórí iná, bẹ́ẹ̀ ni onílé kò lè gba oṣù tí ó ti tà padà nítorí pé ohun mìíràn wọ̀ ọ́ lójú. Ikú onílé kò sì fagi lé àdéhùn náà. Ẹni tí ó jogún ilé jogún ayálégbé inú rẹ̀ pẹ̀lú, àti gbèsè oṣù mẹ́sàn-án tí bàbá rẹ̀ ti gba owó rẹ̀.

Àìsí ìwé ńkọ́? Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣe àṣìṣe. Wọ́n rò pé àdéhùn tí a kò kọ sílẹ̀ kì í ṣe àdéhùn. Lójú òfin wa, àdéhùn ẹnu lórí ilé tí kò ju ọdún 3 lọ dúró ṣinṣin. Kóòtù yóò gbọ́ ẹ̀rí aládùúgbò, yóò gbọ́ pé ọdún 9 ni ìyá náà ti ń san owó lọ́dọọdún, yóò sì ti ibẹ̀ mọ̀ pé ayálégbé ọdún dé ọdún ni. Ìṣòro àìsí ìwé kò sí nínú pé ẹ̀tọ́ kò sí. Ó wà nínú pé yóò pẹ́ kí a tó fi ẹ̀tọ́ náà hàn, páànù kì í sì í dúró de ẹlẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ibi tí òfin yìí ti wá, nítorí kì í ṣe ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1945 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin kan fún Nàìjíríà lórí bí onílé yóò ti máa gba ilé rẹ̀ padà. Nígbà tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn to àwọn òfin tirẹ̀ jọ sínú ìwé ní 1959, òfin náà wà níbẹ̀. Nígbà tí a sì pín ilẹ̀ náà ní 1976, tí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Òǹdó dá dúró, olúkúlùkù wọn gbé ogún náà lọ, wọ́n sì ń tún un ṣe bí ó ti tọ́ lójú wọn. Ìlànà tí a fi lélẹ̀ ní 1945 ni a ṣì ń tẹ̀lé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, pẹ̀lú ìyàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀.

Bí ìlànà náà ṣe rí nìyí. Onílé tí ó bá fẹ́ ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún ayálégbé ní ìwé ìjáde, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní kúìtì. Bí àkókò inú kúìtì yóò ti gùn tó, bí a ti ń san owó ilé ni yóò sọ ọ́. Ẹni tí ó ń san owó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 1 ni tirẹ̀. Ẹni tí ó ń san lóṣooṣù, oṣù 1. Ẹni tí ó ń san ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, oṣù 3. Ẹni tí ó ń san lọ́dọọdún bíi ti aránṣọ wa, oṣù 6 gbáko, ó sì tọ́ kí oṣù 6 náà parí pẹ̀lú ọdún tí a ti san owó rẹ̀, kì í ṣe ní àárín rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ti fi ohùn ṣọ̀kan tẹ́lẹ̀ lórí àkókò mìíràn, ohùn wọn ni a ó tẹ̀lé. Nígbà tí ọjọ́ kúìtì bá pé tí ayálégbé kò sì lọ, onílé yóò tún fún un ní ìwé kejì, ti ọjọ́ 7, pé òun ń lọ sí kóòtù láti gba ilé òun. Bí ó bá jẹ́ pé àdéhùn tí ó ní ọjọ́ òpin ni wọ́n ṣe, tí ọjọ́ náà sì ti kọjá, kò sí ìdí fún kúìtì mọ́; ìwé ọjọ́ 7 yìí nìkan tó. Lẹ́yìn èyí ni kóòtù. Adájọ́ ni yóò pàṣẹ, òṣìṣẹ́ kóòtù ni yóò sì mú àṣẹ náà ṣẹ.

Kò sí ibi kan nínú gbogbo èyí tí a ti dárúkọ káfíńtà. Kò sí ibi tí a ti dárúkọ àgádágodo tuntun lẹ́nu ọ̀nà, tàbí gígé wáyà iná, tàbí dídí kànga, tàbí kíkó ẹrù síta nígbà tí onítọ̀hún wà ní ọjà. Onílé tí ó bá ṣe èyíkéyìí nínú wọn ti sọ ara rẹ̀ di adájọ́ nínú ẹjọ́ ara rẹ̀, ayálégbé sì lè pè é lẹ́jọ́ kí ó gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ jẹ owó ilé.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àwọn tálákà nìkan ni a fi òfin yìí dá lẹ́kun, kí ó gbọ́ ìtàn ilé kan ní Ìkòyí. Gbogbo wa ni a mọ orúkọ Ojukwu, ẹni tí ó ṣe olórí Biafra nígbà ogun abẹ́lé ti 1967 sí 1970. Nígbà tí ogun ń parí lọ ó sá kúrò nílùú, a dárí jì í ní 1982, ó sì padà sílé. Ó ń gbé ní ojúlé 29, Queen’s Drive, Ìkòyí, ilé tí ilé-iṣẹ́ bàbá rẹ̀ sọ pé tiwọn ni. Ìjọba ológun ti Ìpínlẹ̀ Èkó fẹ́ kí ó jáde. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí a rán àwọn agbófinró lọ ní 1985, tí wọ́n lé e jáde tilétilé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ilé rárá, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn pàṣẹ pé kí a dá a padà sínú ilé. Ìjọba sáré lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pé kí wọ́n dá àṣẹ náà dúró. Ní 1986 àwọn adájọ́ àgbà wa, tí Kayode Eso ọmọ Iléṣà wà láàrin wọn, kọ̀ jálẹ̀: ẹni tí ó bá ti tẹ àṣẹ kóòtù lójú kò lè wá bẹ kóòtù kan náà fún ojú rere. Ìjọba ológun ni o, tí ó ní ìbọn àti ọkọ̀ ogun. Bí a kò bá gbà fún gómìnà láti fi agbára lé ènìyàn jáde, tí onítọ̀hún sì jẹ́ ẹni tí ó ti bá ìjọba jagun rí, a kò lè gbà fún ẹnikẹ́ni láti ṣí páànù lórí opó.

Ṣùgbọ́n àwọn onílé tí ó ń ka ìwé ìròyìn yìí yóò ti máa mi orí. Wọn yóò ní: “Ta ni yóò gbèjà tiwa?” Wọ́n sì ní ẹjọ́ í rò. Ọ̀pọ̀ onílé kì í ṣe olówó. Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ni, tàbí opó tí ọkọ fi ilé kan ṣoṣo sílẹ̀ fún, tí ó ń ti inú owó yàrá méjì ra oògùn. Ayálégbé wà tí yóò san owó ọdún kan, tí yóò sì gbé ọdún mẹ́ta. Bí a bá fún un ní kúìtì, yóò wá lọ́yà tí yóò wá àléébù sínú ìwé náà: ọjọ́ kan dín, orúkọ kan kò pé, ẹjọ́ a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi mọ ọkùnrin kan tí ó ń fi èyí yangàn ní gbangba. Kò sí ohun tí ó yẹ kí a yangàn sí nínú rẹ̀.

Òfin ti gbọ́ igbe àwọn onílé yìí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì 2021, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ kan láàrin ilé-iṣẹ́ Pillars àti ìdílé Desbordes, ẹjọ́ tí ó ti wà níwájú ilé-ẹjọ́ náà láti 2009. Adájọ́ Helen Ogunwumiju ni ó ka ìdájọ́ náà, kò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní bí ayálégbé bá ti kùnà láti san owó, tí ìwé ìpè-ẹjọ́ sì ti dé ọwọ́ rẹ̀, kò lè máa fi àṣìṣe inú ìwé ìjáde ṣe ibi ìsápamọ́ sí, nítorí ìwé ìpè-ẹjọ́ náà tó láti fi mọ̀ pé onílé ń fẹ́ ilé rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀tàn ti dín agbára kù. Síbẹ̀, àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń gba onílé nímọ̀ràn pé kí ó kọ kúìtì rẹ̀ dáadáa, nítorí ẹni tí ó bá ṣe é dáadáa kì í bá àríyànjiyàn pàdé lọ́nà. Kí onílé mọ̀ pẹ̀lú pé gbogbo ọjọ́ tí ayálégbé bá fi kọjá àkókò rẹ̀ ni kóòtù lè mú kí ó san owó lé lórí títí di ọjọ́ tí yóò fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀. Owó náà kò sọnù, bí ó tilẹ̀ pẹ́.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí n tọ́ka sí níhìn-ín, nítorí ó ń da ilé púpọ̀ rú. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Èkó a máa sọ fún àwọn òbí wọn nílé pé òfin ti kà á léèwọ̀ láti gba ju owó ọdún kan lọ. Òtítọ́ ni, ní Èkó. Ní 2011, nígbà tí Babatunde Fashola jẹ́ gómìnà, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tuntun pé onílé kò gbọdọ̀ béèrè ju owó ọdún 1 lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, àti pé ayálégbé pàápàá kò gbọdọ̀ fi jù bẹ́ẹ̀ lọ̀ ọ́; ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà (₦100,000) tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 3. Òfin náà tilẹ̀ yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, níbi tí owó ilé ti ga jùlọ. Èmi kò lè sọ pé mo rí ọgbọ́n inú ìyẹn. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ ilé yíyá wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òfin Èkó kò kọjá ààlà Èkó. Ẹni tí ó bá gbé e dé Kìṣí láti fi dẹ́rù ba onílé rẹ̀ dà bí ẹni tí ó gbé ìwé ẹ̀rí ọkọ̀ rẹ̀ wá sí ibi tí a ti ń wa kẹ̀kẹ́. Ti Ọ̀yọ́ ni a ó béèrè ní Ọ̀yọ́.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ ìtàn tí ó kàn yìí fún, nítorí ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ máa ń mọ̀ bí owó ilé bá ti wọ inú owó ọbẹ̀. Ní 1915, nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ya wọ ìlú Glasgow ní Scotland láti ṣe ọkọ̀ ojú omi àti ohun ìjà, àwọn onílé sì rí i pé yàrá kò tó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó lé owó. Àwọn ọkùnrin púpọ̀ ti lọ sí ojú ogun. Àwọn ìyàwó wọn ni ó kù sílé pẹ̀lú ọmọ. Obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mary Barbour kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n sì pinnu pé owó àtijọ́ ni àwọn yóò san, àwọn kì yóò san àfikún. Bí òṣìṣẹ́ kóòtù bá ń bọ̀ láti kó ẹrù ẹnìkan síta, obìnrin kan a lu agogo, gbogbo àdúgbò a sì tú jáde láti ibi ìwẹ̀ ọmọ àti ibi ìfọṣọ, wọn a da ìyẹ̀fun lu òṣìṣẹ́ náà títí yóò fi padà. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá, nǹkan bí ìdílé 20,000 ni ó ti dara pọ̀. Kí ọdún náà tó parí, ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London ti ṣe òfin pé kí owó ilé padà sí bí ó ti wà kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Barbour fúnra rẹ̀ di ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú Glasgow ní 1920. Mi ò sọ pé kí ẹ da ìyẹ̀fun lu ẹnikẹ́ni; ìyẹ̀fun wọ́n. Ṣùgbọ́n ó dára kí a mọ̀ pé láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni irú òfin yìí ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ wa, ìṣòro mìíràn wà tí àwọn ará Glasgow kò ní: ta ni onílé gan-an? Bàbá kú, ó fi ìyàwó mẹ́ta àti ọmọ mẹ́wàá sílẹ̀. Àkọ́bí ti Èkó ní kí a máa san owó fún òun. Àbúrò bàbá ní òun ni olórí ẹbí. Ọmọ obìnrin tí ó tọ́jú bàbá títí ó fi kú ń gbé inú ilé náà, òun ni ó sì ń tún ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe. Ayálégbé tí ó bá san owó fún ẹni tí kì í ṣe ẹni rẹ̀ lè san án lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí nígbà èwe mi, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, ó sì gbà mí ní oṣù mẹ́rin láti bọ́ nínú gbèsè náà.

Ẹjọ́ àgbà kan wà lórí èyí. Olóyè Mabinuori ti Èkó kú ní 1874, ó fi ilé ńlá sílẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ sì dé kóòtù lórí rẹ̀ ní 1908, nínú ẹjọ́ tí àwọn amòfin ń pè ní Lewis àti Bankole. Kóòtù sọ pé ilé tí bàbá fi sílẹ̀ láìsí ìwé ìhágún di ti gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ lápapọ̀. Dáwódù, àkọ́bí ọkùnrin, ni yóò jẹ́ olórí. Bí dáwódù bá sì kú, ọmọ olóògbé tí ó dàgbà jù nínú àwọn tí ó kù, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ni yóò gba ipò náà. Obìnrin pẹ̀lú lè ṣe olórí ẹbí. Gbogbo òǹkàwé wa obìnrin ni kí ó há ìyẹn sórí. Fún ayálégbé, ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé olórí ẹbí ni ó ń gba owó ní orúkọ gbogbo wọn. Kí ayálégbé bèèrè pé kí ẹbí fi ìwé hàn án, tí àwọn àgbà méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn fi ọwọ́ sí, pé lágbájá ni kí ó máa san án fún. Bí wọ́n bá ń jà, kí ó má ṣe dá sí i. Kí ó tọ́jú owó náà pamọ́, kí ó sì kọ̀wé sí gbogbo wọn pé owó wà lọ́wọ́ òun. Àkọ́bí ti Èkó nínú àpèjúwe wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ dáwódù, dúkìá ẹbí ni ó fẹ́ fi ọwọ́ kàn, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Ọ̀rọ̀ oko kọ́ ni mo jókòó láti kọ, ṣùgbọ́n ní Kìṣí a kò lè sọ̀rọ̀ ayálégbé kí a fò ó. Àlejò tí ó gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ ẹbí kan, tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ bíi iṣu tàbí ọkà lọ́dọọdún, kì í ṣe ayálégbé bíi ti yàrá. Kò sí kúìtì oṣù 6 fún un. Ẹ̀tọ́ tirẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀, tí kò sì sẹ́ onílẹ̀ pé ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ lè máa dáko níbẹ̀ láti ìran dé ìran. Bí ó bá ta ilẹ̀ náà, tàbí tí ó pe ara rẹ̀ ní olówó ilẹ̀, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ẹ̀ka tí ó jókòó lé. Síbẹ̀ kóòtù ni yóò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan rò pé Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1978, tí ó fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ti pa ìṣákọ́lẹ̀ rẹ́. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dáhùn ní 1991, nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, pé kò rí bẹ́ẹ̀: òfin náà kò sọ àlejò di onílẹ̀, kò sì sọ onílẹ̀ di àlejò.

Àwọn ohun kéékèèké kan ṣì kù tí àwọn méjèèjì máa ń fi bínú síra wọn. Onílé kò gbọdọ̀ fi owó kún owó ilé ní àárín àkókò tí a ti san. Ìgbà tí àkókò náà bá ń parí ni kí ó sọ ọ́, kí ayálégbé lè gbà tàbí kí ó kó ẹrù rẹ̀. Ayálégbé kò gbọdọ̀ fi yàrá náà yá ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Onílé tí ó bá fẹ́ wo inú ilé rẹ̀ lè wò ó, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ sọ tẹ́lẹ̀, kí ó sì kan ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò bá lágbára láti gba lọ́yà lè kọ̀wé sí Ìgbìmọ̀ Ìrànlọ́wọ́ Òfin, èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ láti 1976 fún irú wọn. Kí a tó dé ibẹ̀, kò sí ohun tí ó burú nínú gbígbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú àwọn àgbà àdúgbò. Ìlàjà tí a bá kọ sílẹ̀ tí àwọn méjèèjì sì fi ọwọ́ sí lè wúlò ní kóòtù bí ọ̀kan bá yẹ̀ ẹ́.

A wá padà sí ìbéèrè ọmọ onílé: rìsíìtì rẹ̀ dà? Àwọn òǹkàwé kan yóò sọ pé àwọn kò mọ bí a ti ń kọ ọ́, àti pé kì í ṣe gbogbo onílé ni ó mọ̀wé. Kò ṣòro. Bí a ti lè kọ ọ́ nìyí, ní Yorùbá:

“Èmi, Lágbájá, onílé ní àdúgbò báyìí ní Kìṣí, gba owó tí iye rẹ̀ jẹ́ báyìí lónìí, ọjọ́ báyìí, lọ́wọ́ Tàmẹ̀dù, fún yàrá méjì ní apá ọ̀tún ilé mi. Owó ọdún kan ni. Ọdún náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ báyìí, yóò sì parí ní ọjọ́ báyìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àdéhùn yìí parí yóò sọ fún ẹnìkejì ní oṣù mẹ́fà ṣáájú.”

Kí àwọn méjèèjì fi ọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí kan fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì fi ọwọ́ tirẹ̀ sí i. Ẹni tí kò bá lè kọ̀wé, kí ó tẹ àtàǹpàkò, kí ẹni tí ó kà á fún un sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pé òun kà á ní èdè tí ó gbọ́, ó sì yé e. Ọ̀nà méjì ni kí a kọ ọ́, ọ̀kan fún onílé, ọ̀kan fún ayálégbé. Ìwé náà kò ju ojú-ewé kan lọ nínú ìwé ọmọ iléèwé, ó sì lè wọ inú àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ.